Pé Ó Wọlé Kò Sọ Pé Ó Bára Mu: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Yẹ̀ Wò Lára Họ́ọ̀bù Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́ Fixie

Kẹ̀kẹ́ lọ̀rọ̀ tòní. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Marwa o. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan ni. Títì dá. Mo ń bọ̀ láti Yaba, mo gba orí afárá Ojúẹlẹ́gba, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí apá Stadium. Kẹ̀kẹ́ fixie tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo gùn. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo rí dáńfó kan tó dúró lójijì níwájú láti já èrò. Mo ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó ń gun fixie máa ń ṣe: mo fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà kí kẹ̀kẹ́ lè rọra. Pẹ́dà yẹn kàn yí sẹ́yìn gbéré, kò sí ohunkóhun tó di ẹsẹ̀ mi mú. Àfi bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, tó wá tẹ ibi tí àtẹ̀gùn ti tán.

Bírékì iwájú ló yọ mí. Èmi gan-an ò fẹ́ fi bírékì sí i tẹ́lẹ̀, torí mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé fixie tí kò ní bírékì ló máa ń wuyì. Ìyá mi ló fi dandan lé e: "Kẹ̀kẹ́ tí kò ní bírékì, ní Èkó yìí? Ta lo fẹ́ lọ bá ní títì?" Mo fi sí i kí ariwo lè tán nílé. Màmá, ẹ ṣé o.

Nígbà tí mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Irin eléyín tí ṣéènì ń fà ti tú kúrò lójú tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun àti òrùka irin tó yẹ kó dè é mọ́lẹ̀ jọ ń jáde lọ ni. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà délé ní Sùúrùlérè. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé táyà ẹ̀yìn náà lọ sí yàrá ìwádìí wa ní Àkọkà, mo mú vernier caliper, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Kí ni fixie, kí sì ni họ́ọ̀bù?

Họ́ọ̀bù ni ìdí àárín táyà, ibi tí gbogbo sípóòkù ti ń jáde. Nínú kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ohun kan wà lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní freewheel. Òun ló máa ń dún "ké-ké-ké-ké" nígbà tí ẹ bá dá ẹsẹ̀ dúró tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń lọ. Freewheel máa ń jẹ́ kí táyà yí láìjẹ́ pé pẹ́dà yí.

Fixie kò ní ìyẹn. Irin eléyín kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní cog, ni wọ́n yí mọ́ họ́ọ̀bù ní tààrà. Bí táyà bá yí, pẹ́dà á yí. Bí ẹ bá fẹ́ dín eré kù, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà. Ẹsẹ̀ yín ló ń ṣe iṣẹ́ bírékì nígbà náà, cog yẹn ló sì ń gbé iṣẹ́ ẹsẹ̀ yín dé ara táyà. Bí cog bá tú, bírékì ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn.

Ìdí tí lockring fi ní tírẹ́ẹ̀dì òdì

Tírẹ́ẹ̀dì tí mò ń wí kì í ṣe ti aránṣọ o. Ipa tó lọ́ yí ara bóòtù ká, tí nọ́ọ̀tù fi ń wọ̀ ọ́, ni.

Ẹ dúró sí ọwọ́ ọ̀tún kẹ̀kẹ́, níbi tí ṣéènì wà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń lọ síwájú, táyà ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Tírẹ́ẹ̀dì cog náà jẹ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, bíi ti ìdérí ìgò omi: bí ẹ bá yí i bí ọwọ́ aago, ó ń le sí i. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá wa pẹ́dà síwájú, ẹ ń fún cog mọ́lẹ̀ ni.

Báwo ló ṣe ń fún un tó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹni tó wọ̀n tó 70 kílò dìde dúró lórí pẹ́dà kan, tí ọwọ́ pẹ́dà náà sì gùn ní 17 sẹ̀ǹtímítà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 686 Newton. Ẹ fi 0.17 mítà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí bíi 117 Newton-mítà. Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 46, tí cog ẹ̀yìn ní 16, ohun tó dé ara cog jẹ́ 117 lọ́nà 16 pín sí 46, ìyẹn bíi 40 Newton-mítà. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì omi lítà 4 kọ́ ẹnu ṣípánà tó gùn ní mítà kan. Agbára kékeré kọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan náà lẹ fi ń ta ko pẹ́dà nígbà tí ẹ bá fẹ́ dúró. Agbára tó ń fún cog nígbà tí ẹ ń lọ lè wá máa tú u nígbà tí ẹ ń dúró.

Ibẹ̀ ni lockring ti wúlò. Òrùka irin ni, ó máa ń wọlé lẹ́yìn cog, tírẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ sì jẹ́ òdì, ti ọwọ́ òsì. Bí cog bá fẹ́ tú, á yí lódìkejì ọwọ́ aago, á sì fẹ́ gbé lockring lọ́wọ́ bó ṣe ń yí. Àmọ́ ibi tí cog ń gbà tú, ibẹ̀ gan-an ni lockring ń gbà le. Bí cog bá ṣe ń tì í tó, bẹ́ẹ̀ ló ń há a mọ́ tó. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan ọgbọ́n yìí gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Báwo ni tèmi ṣe wá tú?

Họ́ọ̀bù tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi kì í ṣe ti fixie rárá. Ti freewheel ni. Tírẹ́ẹ̀dì cog àti ti freewheel jọ jẹ́ ọ̀kan náà, 1.37 íǹṣì pẹ̀lú ìlà 24 nínú íǹṣì kan, nítorí náà cog wọ họ́ọ̀bù freewheel dáadáa. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀bù freewheel kò ní ipele kejì tó ní tírẹ́ẹ̀dì òdì. Lockring tó tọ́ kò ríbi dì mú.

Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mushin bá mi wá ọgbọ́n dá sí i. Ó mú òrùka irin ìdí pẹ́dà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, ìyẹn náà 1.37 íǹṣì pẹ̀lú ìlà 24, ó sì yí i mọ́ ẹ̀yìn cog. Ó wọlé mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀. Ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó fún un, inú èmi àti òun dùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tírẹ́ẹ̀dì ọwọ́ ọ̀tún ni òrùka yẹn ní, bíi ti cog gan-an. Nígbà tí cog ń tú, ó kàn gbé òrùka náà dání ni, wọ́n jọ jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú họ́ọ̀bù tí wọ́n tò báyìí ní suicide hub, họ́ọ̀bù ìpara-ẹni. Nígbà tí mo ka orúkọ yẹn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ojúẹlẹ́gba, n kò rẹ́rìn-ín.

Kí ló dé tí tírẹ́ẹ̀dì fi pọ̀ tó báyìí?

Ní 1841, Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ máa lo irú tírẹ́ẹ̀dì kan náà. Kó tó dìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ kálukú ń gé tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnu tírẹ́ẹ̀dì Whitworth ṣí ní dígírì 55. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ṣe òdiwọ̀n tiwọn, wọ́n sì yan dígírì 60. Faransé ń fi mìlímítà ṣe tiwọn. Ítálì da íǹṣì àti mìlímítà pọ̀. Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí àwọn bàbá àgbà wa mọ̀ bí ẹni mowó, tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ìdí pẹ́dà Raleigh àtijọ́ ní ìlà 26 nínú íǹṣì kan, níbi tí àwọn tó kù ti ń lo 24.

Gbogbo wọn ló wá pàdé nínú kọ̀ǹtéínà tòkunbọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ti Netherlands wá, èyí tó ti London wá, èyí tó ti Jámánì wá, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ń bọ́ sí. Oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Mushin kò ní ìwé òdiwọ̀n lọ́wọ́, àpótí irin àlòkù ló ní. Ó ń wá èyí tó bá wọlé. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Àmọ́ ìwọ̀n kò mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ ló ń ṣubú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ họ́ọ̀bù wò.

Àyẹ̀wò kìíní: ṣé ipele méjì ló ní?

Ẹ yọ cog kúrò, ẹ nu gíríìsì, ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún họ́ọ̀bù. Họ́ọ̀bù fixie tòótọ́ ní ipele méjì bí àtẹ̀gùn: èyí tó tóbi, fún cog, àti èyí tó kéré díẹ̀ níta rẹ̀, fún lockring. Tí tírẹ́ẹ̀dì ipele kékeré bá dagun sí ọwọ́ kejì sí ti ipele ńlá, ó dára. Tó bá jẹ́ ipele kan ṣoṣo lẹ rí, họ́ọ̀bù freewheel nìyẹn. Ẹ lè fi freewheel sí i kí ẹ máa gbádùn ara yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe fixie. Gọ́ọ̀mù kò lè rọ́pò tírẹ́ẹ̀dì òdì.

Àyẹ̀wò kejì: ṣé tírẹ́ẹ̀dì bára mu?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé báyìí nìyí: cog 1.37 íǹṣì, tó jẹ́ bíi 34.8 mìlímítà, ìlà 24, lockring 1.29 íǹṣì, tó jẹ́ bíi 32.8 mìlímítà, ìlà 24, òdì. Ti Faransé àtijọ́ jẹ́ 34.7 mìlímítà fún cog, àlàfo ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 1 géérégé.

34.8 àti 34.7! Bí irin bá ti jẹ díẹ̀, vernier gan-an kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Àlàfo ìlà ni kẹ́ ẹ wò. Ìlà 24 nínú íǹṣì túmọ̀ sí 25.4 pín sí 24, ìyẹn 1.058 mìlímítà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Faransé kò ju 0.058 mìlímítà lọ ní ìyí kan. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àbí? Àmọ́ tí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ti di 0.35 mìlímítà, ìdá mẹ́ta àlàfo ìlà kan. Ìlà cog ti ń gun orí ìlà họ́ọ̀bù nìyẹn. Ìdí rẹ̀ tí cog tí kò bá a mu fi máa ń wọlé dáadáa ní ìyí kan tàbí méjì, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹni tó bá fi ṣípánà fipá yí i níbẹ̀, ó ń gé ìlà họ́ọ̀bù dànù ni.

Òfin ibẹ̀ rọrùn: ìka nìkan. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí i, ẹ fi ìka yí cog wọlé. Tó bá fi ìka dé òpin, ó bára mu. Tó bá há lágbedeméjì, ẹ tú u jáde kí ẹ má ṣe bínú sí i.

Lockring náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ti Ítálì àtijọ́ jẹ́ 1.32 íǹṣì, ìlà 24, òdì náà ni. Ẹ gbé e sórí họ́ọ̀bù 1.29 íǹṣì, ó máa wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 0.76 mìlímítà, 0.38 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Jíjìn ìlà irú tírẹ́ẹ̀dì yìí kò ju bíi 0.65 mìlímítà lọ. Nítorí náà ìlà méjèèjì kò fi bíi 0.27 mìlímítà kan ara wọn, kò tó ìdajì. Bí ẹni fi orí ìka nìkan di etí ògiri mú ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi gbogbo ara ta ko pẹ́dà, á já. Àmì rẹ̀ ni pé lockring náà ń mì jẹ́jẹ́ lójú tírẹ́ẹ̀dì kó tó kan cog. Tó bá ń mì, kì í ṣe tirẹ̀.

Àyẹ̀wò kẹta: ìbú họ́ọ̀bù àti irin àárín rẹ̀

Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì férémù lẹ́yìn, níbi tí táyà ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọn họ́ọ̀bù láti ojú nọ́ọ̀tù inú lápá òsì dé tọ̀tún. Họ́ọ̀bù fixie òde òní jẹ́ 120 mìlímítà. Kẹ̀kẹ́ eléré àtijọ́ lè jẹ́ 126, èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ 130, ti orí òkè 135. Tí họ́ọ̀bù bá kéré, wáṣà lè dí àlàfo ọ̀hún, ní ìwọ̀n kan náà lápá méjèèjì, bí irin àárín bá ṣì gùn tó. Tí họ́ọ̀bù bá tóbi jù, ẹ má ya ẹsẹ̀ férémù tipátipá, pàápàá tó bá jẹ́ aluminium. Aluminium kì í tẹ̀ kó padà bọ̀ sípò bí irin, ó máa ń sán.

Irin àárín náà ní irú méjì tó wọ́pọ̀: ti mìlímítà 10 pẹ̀lú àlàfo ìlà mìlímítà 1, àti ti íǹṣì 3/8, tó jẹ́ bíi 9.5 mìlímítà, pẹ̀lú ìlà 26. Nọ́ọ̀tù 10 máa wọ irin 9.5 bí ẹsẹ̀ ọmọdé ṣe ń wọ bàtà bàbá rẹ̀. Á yí, á dà bíi pé ó le, títì tó bá gbọn kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló máa tú u. Nọ́ọ̀tù tó bá ti ara irin kan wá, ẹ so ó mọ́ irin yẹn kó má bàa sọnù.

Ẹnu ibi tí irin yìí ń wọ̀ lára férémù gbọ́dọ̀ gùn lọ sẹ́yìn tàbí síwájú, kì í ṣe wálẹ̀. Fixie kò ní ohun mìíràn tó ń fa ṣéènì le, àfi kí ẹ fa táyà sẹ́yìn. Bí ṣéènì bá le tán, kó ṣì lè rìn sókè-sódò ní bíi ìbú ìka kékeré.

Àyẹ̀wò kẹrin: ṣéènì

Gbogbo ṣéènì kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lóde òní ní àlàfo 12.7 mìlímítà láti pínnì kan sí èkejì. Ìbú inú rẹ̀ ló yàtọ̀: 1/8 íǹṣì, bíi 3.2 mìlímítà, fún kẹ̀kẹ́ oníyípo kan. 3/32 íǹṣì, bíi 2.4 mìlímítà, fún èyí tó ní gíà púpọ̀. Ṣéènì tó fẹ̀ lè gun eyín tó tín-ín-rín. Ṣéènì tó tín-ín-rín kò lè wọ eyín tó fẹ̀, á kàn jókòó sórí eyín ni, á sì fò.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: ṣéènì ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní 428 náà ní àlàfo 12.7 mìlímítà! Ìyẹn ni pé, bí ẹ bá gbé e lé cog kẹ̀kẹ́, eyín máa wọlé sí ihò rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ìbú inú rẹ̀ jẹ́ bíi 7.9 mìlímítà, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Á máa jó sọ́tùn-ún sósì lórí eyín títí á fi já bọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ti ọ̀kadà ṣe é, ẹ rántí àkọlé ọ̀rọ̀ wa òní.

Àyẹ̀wò karùn-ún: ṣé ṣéènì ń lọ tààrà?

Cog ẹ̀yìn àti irin eléyín iwájú gbọ́dọ̀ jìnnà bákan náà sí àárín férémù. Fún ti ẹ̀yìn, ẹ pín ìbú họ́ọ̀bù sí méjì, kí ẹ yọ àlàfo tó wà láti ojú nọ́ọ̀tù inú apá ọ̀tún dé àárín eyín cog. Bí àpẹẹrẹ, 120 pín sí méjì jẹ́ 60. Tí àlàfo yẹn bá jẹ́ 18, ó ku 42. Mìlímítà 42 ni ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù fixie wà. Fún ti iwájú, ẹ wọ̀n láti àárín páìpù tó gbé àga dúró dé àárín eyín.

Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ mìlímítà 1 tàbí 2, kò burú. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣéènì á máa pariwo, ó sì lè fò. Bí ṣéènì bá fò lára kẹ̀kẹ́ freewheel, ọwọ́ yín á kàn dọ̀tí ni. Lára fixie, pẹ́dà kò dúró, ṣéènì tó fò lè há sí ara cog kí táyà dúró gbagidi lórí ìrìn.

Àyẹ̀wò kẹfà: ihò sípóòkù, táyà, àti eyín

Bí ẹ bá fẹ́ gbé họ́ọ̀bù tuntun sínú rímù tó wà nílẹ̀, ẹ ka ihò. 32 àti 36 ló wọ́pọ̀. Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń ní 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ táyà náà: 700C jẹ́ 622 mìlímítà níbi tí táyà ti jókòó sí rímù, ṣùgbọ́n 28 tí àwọn bàbá wa ń gùn jẹ́ 635. Méjèèjì ni ẹlòmíì ń pè ní "28".

Ìṣirò kékeré kan fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa há táyà ẹ̀yìn kó máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀: ẹ pín eyín iwájú sí ti ẹ̀yìn, kí ẹ dín in kù dé ibi tó lè dé. 48 sí 16 jẹ́ 3 sí 1. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ jẹ́ 1, ìyẹn ni pé bí ẹ bá ń fi ẹsẹ̀ kan náà há a, ojú kan ṣoṣo lára táyà ni títì á máa jẹ. 46 sí 16 jẹ́ 23 sí 8: ojú mẹ́jọ. 47 sí 17 kò ṣe é dín kù: ojú mẹ́tàdínlógún! Eyín kan péré ló yàtọ̀ níwájú, ọ̀kan péré lẹ́yìn, owó táyà sì ti yàtọ̀ pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris

Ní oṣù Kẹjọ 2024, Ese Lovina Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, wà ní ìdíje Olympics ní Paris. Eré orí títì ló bá wá. Ni wọ́n bá pè é pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún un nínú keirin àti sprint, eré inú velodrome. Inú velodrome, fixie tí kò ní bírékì ni òfin sọ pé kí wọ́n gùn. Kò ní irú kẹ̀kẹ́ yẹn níbẹ̀, àkókò sì ti lọ. Àwọn ará Jámánì yá a ní odindi kẹ̀kẹ́, ó gùn ún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba lórí X.

Ìgbà tí mo ń wọn họ́ọ̀bù mi ni ìtàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi dáadáa. Kẹ̀kẹ́ velodrome kì í ṣe ohun tí èèyàn lè ṣà pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ eré, kó mú táyà níbí, kó mú cog lọ́hùn-ún. Gbogbo òdiwọ̀n tí a kà sílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ bára mu kí ẹnikẹ́ni tó gun orí rẹ̀. Wọ́n sì gùn ún láìní bírékì torí pé nínú velodrome kò sí dáńfó tó ń já èrò, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dorí kọ. Ojúẹlẹ́gba kì í ṣe velodrome.

Ìdí nìyí tí òfin Gẹ̀ẹ́sì, láti 1983, fi ka họ́ọ̀bù fixie sí bírékì ẹ̀yìn, tó sì tún ní dandan ni kí bírékì wà níwájú. Físíìsì náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dúró, ìwọ̀n yín máa ń tẹ̀ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, kò sì ní lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Ká ní ẹ ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan. Tí táyà ẹ̀yìn nìkan bá lè dín eré yín kù ní bíi ìdá mẹ́rin agbára òòfà ilẹ̀, ẹ ó nílò bíi mítà 14 kẹ́ ẹ tó dúró. Tí bírékì iwájú bá ṣe ìlọ́po méjì ìyẹn, mítà 7 ti tó. Mítà 7 yẹn ló wà láàárín èmi àti dáńfó ọjọ́ yẹn.

Bí a ṣe parí rẹ̀

Mo padà sí Mushin. Mo kí Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Ọmọ mi, ó mà wọlé dáadáa."

"Ó wọlé, sà. Ọwọ́ ibi tó ń gbà le ni kò dáa. Ó yẹ kó jẹ́ òdì sí ti cog."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó mú pẹ́dà òsì kan nínú àpótí, ó yí i lójú mi. "Bíi ti èyí?"

Bíi ti èyí gan-an! Gbogbo oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ló mọ̀ pé pẹ́dà òsì máa ń ní tírẹ́ẹ̀dì òdì kó má bàa tú. Ìmọ̀ yẹn ti wà lọ́wọ́ Bàbá látọdúnmọ́dún, kò kàn sí ẹni tó so ó pọ̀ mọ́ họ́ọ̀bù fixie fún un ni. Òun ló wá bá mi rí họ́ọ̀bù onípele méjì tòótọ́ nínú ẹrù tòkunbọ̀ tó dé lẹ́yìn náà. Ìka rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n kí n tó yọ vernier jáde.

A fi ìka yí cog wọlé, a fi ṣípánà fún un, a yí lockring sí òdì, a fún òun náà. Mo gùn ún gòkè jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí cog lè jókòó dáadáa, mo padà wá, a tún lockring fún, torí bí cog bá ti wọlé sí i, àlàfo á ti wà láàárín wọn. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí o.

Bírékì iwájú mi ṣì wà níbẹ̀, kò ní kúrò. Bàbá ti ń bi gbogbo oní-fixie tó bá wá sí ìsọ̀ rẹ̀ báyìí pé, "Ipele mélòó ni họ́ọ̀bù rẹ ní?" Ẹ̀yin náà, kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín dojú dé, kí ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún táyà ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ kà, ẹ má gùn ún jáde lọ́la.